Ẹ̀kọ́ Ilé Kìtán

Ọmọ Àkúrẹ́ ni Ìbídùnní, olùkọ́ aránṣọ sì ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọwọ́ kan nílùú Oǹdó. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì, Ọ̀gbẹ́ni Dúrótoyè, fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ ìlera àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́, inú rẹ̀ dùn débi pé owó ara rẹ̀ ló fi ra ọ̀dà. Kò pẹ́ tí kò fi sí ògiri tí kò kọ nǹkan sí mọ́. "Mu omi dáadáa." "Sùn dáadáa." "Má fi oúnjẹ àárọ̀ ṣeré." Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá tò láàárọ̀, òun ni yóò tún dúró síwájú, tí yóò máa na ìka sí wọn bí ìyá ìjọ. Ẹnu dùn ún ròfọ́! Ta ni yóò bi í pé kí ni òun alára fi sẹ́nu kó tó kúrò ní Àkúrẹ́? Ìdájí ló ti ń sáré lé mọ́tò Oǹdó kiri, tíì lásán kì í ráyè mu.

Kìtán ló wá kó o sí wàhálà. Ọmọ Oǹdó Èkìmògún pọ́ńbélé ni Kìtán, ó ti wà ní ọdún àṣekágbá, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ ju ti olùkọ́ rẹ̀ lọ. Ìbídùnní kò ní gbà, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ọmọ náà ti dákú lẹ́ẹ̀mejì nínú kíláàsì. Ọ̀gá Dúrótoyè wá fi ọwọ́ sọ̀yà pé bó bá tún dákú nítòsí ẹ̀rọ, ilé ni yóò lọ, ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ á sì di ọdún tó ń bọ̀.

"Ẹ̀yin ni alága ìlera, màdáámú," ló wí. "Ẹ wádìí ohun tó ń ṣe é."

Ìbídùnní wádìí títí. Nọ́ọ̀sì yẹ ẹ̀jẹ̀ Kìtán wò, kò sí ibà. Wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, ojú ń ríran kedere. Ó mú un wọ mọ́tò lọ rí dókítà kan ní Àkúrẹ́, dókítà ní kó lọ sinmi. Ó tilẹ̀ gbààwẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà, ẹ ò rí nǹkan! Ohun kan ṣoṣo tí kò wádìí ni ebi, nítorí ó dá a lójú pé kì í ṣe ebi. Báwo ni yóò ṣe jẹ́ ebi? Ní gbogbo ọ̀sán tó bá ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀, tí Kìtán bá ń kọjá, òun a máa ní, "Kìtán, wá jẹun." Ọmọ náà a kúnlẹ̀, a rẹ́rìn-ín músẹ́, a ní, "Á gba ibi ire, mà." Ọmọ tí ebi ń pa ha ń rẹ́rìn-ín báyẹn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í. Ọmọ Yorùbá wo tí wọ́n tọ́ dáadáa ni wọ́n ní kó wá jẹun, tó sì ki ọwọ́ bọ abọ́ lójú ẹsẹ̀? Bí wọ́n bá pe Ìbídùnní fúnra rẹ̀ síbi oúnjẹ, ohun tí òun náà ń wí nìyẹn. Ó mọ̀ ọ́n. Ó kàn gbàgbé pé òun mọ̀ ọ́n ni.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ó ń fi bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn bùbá han kíláàsì, àfi bí ojú rẹ̀ ṣe ṣú, tí tábìlì ń yí lọ. Àlùmọ́gàjí já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kìtán ló sáré gbá a mú, tó fi í jókòó.

"Mà, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, a dúpẹ́," ni Ìbídùnní wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Kìtán wò ó lójú. "Ẹ má bínú, mà. Irọ́ ni."

Háà! Kìtán olóhùn jẹ́jẹ́, Kìtán ọmọ ẹ̀kọ́ ilé!

"Bí èmi náà ṣe máa ń wí nìyẹn, mà. Bí mo sì ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nìyẹn."

Ojú ti Ìbídùnní, ó tì í gan-an ni. "Kìtán, ìgbà wo lo jẹun kẹ́yìn?"

"Ìrọ̀lẹ́ àná, mà. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni mò ń gbé, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ là ń dáná." Ó wo ilẹ̀. "Ebi ń pa mí, mà."

Ó wí i bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ olè. Táíyé aláríwo, tó ti ń múra láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́, gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Èmi náà, mà." Ẹnì kan nawọ́ lẹ́yìn, ẹlòmíràn tún nawọ́. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ìbídùnní wo àwọn ọwọ́ wọ̀nyẹn, ó wo ọ̀dà ara ògiri, inú sì bí i sí ara rẹ̀.

Ó dìde, ó ń di ògiri mú, ó wọ kíláàsì asè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí Kíkẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní oúnjẹ sísè. Ìkòkò ìrẹsì àti ẹ̀wà kan ti sọ̀ kalẹ̀ lórí iná.

"Ta ló ni èyí?"

"Àwọn àlejò ọ̀gá ni."

"Wọ́n ti yó," ni Ìbídùnní wí. Ó pe Táíyé wá pé kó bá òun gbé e. Kíkẹ́ pariwo títí, lẹ́yìn náà ó kó abọ́ àti ṣíbí tẹ̀lé wọn.

Ìbídùnní kò pe ẹnikẹ́ni wá jẹun. Ó bù ú, ó gbé e síwájú Kìtán. "Jẹ ẹ́. Mi ò bi ọ́ ní ìbéèrè." Ó bu tirẹ̀ náà.

Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí Ọ̀gá Dúrótoyè fi wọlé. "Màdáámú Ìbídùnní! Ìrẹsì lórí ẹ̀rọ ìránṣọ? Ṣé kì í ṣe oúnjẹ àlejò mi nìyí?"

"Oògùn Kìtán ni, sà. Ebi ló ń gbé e ṣubú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé èmi náà ṣubú láìpẹ́ yìí. Bí ẹ bá máa lé e lọ sílé, ẹ yáa lé alága ìlera yín tẹ̀lé e."

Ọ̀gá fẹ́ bínú, ó tilẹ̀ ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbójú sókè, ṣíbí nìkan ló ń dún, omijé sì ń bọ́ lójú Kìtán bó ti ń jẹun. Ọ̀gá Dúrótoyè wo abọ́ Kìtán.

"Kó ṣe ìdánwò rẹ̀," ló wí níkẹyìn. "Láti ọ̀la, kí kíláàsì asè máa dáná àárọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Ẹ jẹ́ kí n lọ wá irọ́ tí màá pa fún àwọn àlejò."

Nígbà tó jáde, Kìtán ti jẹun tán. Ó wo ìkòkò, ó wo ilẹ̀, ó tún wo ìkòkò. Ẹ̀kọ́ ilé ń bá a jà, Ìbídùnní rí i, kò sì dá sí i.

"Mà," ni Kìtán wí, "ṣé ó kù?"