Ilẹ̀kùn Tó Ń Ṣí Sínú

Òpó mẹ́rin ni Nathaniel mọ síwájú ilé tó kọ́ sí Ọ̀kà, òpó ràbàtà tí apá ènìyàn kan kò ká. Òrùlé tí àwọn òpó náà sì gbé dúró kò ju ibi tí ewúrẹ́ mélòó kan lè sá òjò sí lọ. Rẹ̀mílẹ́kún, ìyàwó rẹ̀, kò wo ibẹ̀ rí kó má yínmú. Ó mọ ibi tí òpó ti wá. Ọ̀rẹ́ Nathaniel kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ákùúrẹ́ ló kọ́kọ́ mọ òpó méjì síwájú ilé tirẹ̀ ní Ọ̀bà. Nathaniel lọ bá a ṣílé, ó padà dé, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ yẹn ni Rẹ̀mílẹ́kún ti mọ̀ pé òpó mẹ́rin ń bọ̀ lọ́nà.

Ìkàrẹ́ ni àwọn méjèèjì ti ń gbé látọjọ́ tó ti pẹ́, nínú ilé Àlàájà Nafisah, nítorí pé ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí Rẹ̀mílẹ́kún ti jẹ́ ọ̀gá àgbà wà. Ilé ilẹ̀ ni. Kò sí ẹwà kankan lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn lè dìde lórí ibùsùn kó rìn tààrà lọ sídìí odó láìkọsẹ̀. Nígbà tí Nathaniel fẹ̀yìn tì, ó ní òun kò ní dàgbà sínú ilé onílé, pé Ọ̀kà tí wọ́n bí òun sí ni òun yóò padà sí. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a jiyàn. Ó tilẹ̀ dùn mọ́ ọn nínú, títí di ọjọ́ tí wọ́n gbé àwòrán ilé náà dé.

Nathaniel tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Òun àti Munir tó gba iṣẹ́ ilé náà ṣe jọ tẹrí bò ó bí ẹni tó ń ka Bíbélì. Rẹ̀mílẹ́kún gbé omi wá fún wọn, ó dúró, ó wò ó. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n yà. Lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tí wọ́n pè ní ti ìyá Nathaniel, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan wà tó há gádígádí, wọ́n sì ya ilẹ̀kùn rẹ̀ kó máa ṣí sínú.

Ó ní, “Bàbá Ayọ̀, ibí yìí há. Bí ẹnì kan bá ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí, báwo lẹ ṣe fẹ́ ṣí i?”

Nathaniel rẹ́rìn-ín. Munir náà rẹ́rìn-ín, torí pé ẹni tó gbéṣẹ́ fún un ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Nathaniel ní, “Ìyá Ayọ̀, ta ló ń ṣubú nílé ìgbọ̀nsẹ̀? Jọ̀ọ́, lọ wo ọbẹ̀ rẹ níná. Ilé kíkọ́ yàtọ̀ sí kíkọ́ ọmọdé ní A, B, D.”

Rẹ̀mílẹ́kún wo Munir, ó wo ọkọ rẹ̀, ó yípadà. Ó pinnu lọ́jọ́ náà pé òun kò tún ní la ẹnu òun sọ ohunkóhun nípa ilé náà mọ́.

Ìpinnu náà kò ni ín lára. Lọ́jọ́ Sátidé, bó bá ti parí iṣẹ́ ilé, á wọkọ̀ lọ sí Ọ̀kà, á ká ọwọ́ sẹ́yìn, á máa rìn káàkiri láàárín iyanrìn àti búlọ́ọ̀kù. Kò sí ìgbà tó lọ tí kì í rí nǹkan. Wọ́n fi súìṣì iná sẹ́yìn ilẹ̀kùn, débi pé ẹni tó bá wọ yàrá lálẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé tán, kó ti ilẹ̀kùn padà, kó máa fọwọ́ tá ògiri nínú òkùnkùn kó tó rí iná tàn. Wọ́n gbé ilé ìdáná lọ sókè, bẹ́ẹ̀ omi àti igi ń bẹ nísàlẹ̀. Àpáta Ọ̀kà ló na gàgà sẹ́yìn ilé, gbogbo omi òjò tó bá sì rọ̀ sórí rẹ̀ ń wá ọ̀nà ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ronú kan gọ́tà. Nathaniel wà níwájú, ó ń bá Munir jà lórí òdòdó símẹ́ńtì tí wọ́n máa fi dé orí òpó.

Rẹ̀mílẹ́kún rí gbogbo rẹ̀, ó dákẹ́. Dídákẹ́ náà wá ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu bí ẹran ìgbẹ́. Bó bá padà dé Ìkàrẹ́, á jókòó ti Àlàájà Nafisah lẹ́yìnkùlé, á ròyìn ohun tuntun tí ọkọ òun tún ṣe, àwọn méjèèjì á sì fi ọkùnrin náà ṣe ẹlẹ́yà títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Nígbà tí wọ́n kó lọ, bẹ́ẹ̀dì ni ohun àkọ́kọ́ tó jà. Bẹ́ẹ̀dì igi tí bàbá Rẹ̀mílẹ́kún kàn fún un nígbà ìgbéyàwó kò lè yí kọ́nà àtẹ̀gùn kọjá. Wọ́n gbé e síwájú, wọ́n gbé e sẹ́yìn, wọ́n dá a dúró bí òkú tó fẹ́ jí, kò gbà. Nathaniel ní kí káfíńtà fi ayùn là á sí méjì. Rẹ̀mílẹ́kún dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ń gbọ́ ìró ayùn nínú igi bàbá rẹ̀. Ó kàn ń wo ẹ̀yìn orí ọkọ rẹ̀, ó sì ń rò ó pé bí wọ́n bá la orí náà wò, bóyá iyanrìn lásán ni wọ́n máa bá níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni iyán. Lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n kọ́kọ́ sùn síbẹ̀, Nathaniel ní iyán ni òun fẹ́ jẹ. Rẹ̀mílẹ́kún gbé odó sílẹ̀ nínú ilé ìdáná òkè, ó sọ ọmọ odó sí i, kò tíì pẹ́ tí táìsì ilẹ̀ fi là láti ìdí odó dé ẹnu ọ̀nà. Nathaniel sáré wọlé, ó ní kí ó gbé odó lọ sísàlẹ̀. Láti ìgbà náà, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń gún iyán, òkè ni ọbẹ̀ wà, nígbà tí àwọn méjèèjì bá sì fi máa pàdé, iyán á ti tutù. Ọkùnrin olópó mẹ́rin á jókòó, á máa fi iyán tútù họ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, á ní ó dùn.

Nathaniel wá lọ mú ìyá rẹ̀. Màmá Lucy ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ilé alámọ̀ tí ọkọ rẹ̀ kọ́ ló ń gbé nísàlẹ̀ òkè, níbi tí gbogbo ẹni tó bá ń ti oko bọ̀ ti ń dúró kí i. Kò fẹ́ lọ. Ọmọ rẹ̀ ní dandan ni, pé ojú yóò ti òun bí ìyá òun bá ń gbé ilé alámọ̀ nígbà tí òun ní pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Ó gbé e sí òkè, ó ra àga ńlá kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè fún un, kí àwọn tó ń kọjá lọ lè máa rí i. Ìyá arúgbó náà kò lè sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó ń jókòó sórí àga náà láti àárọ̀ di alẹ́ bí ẹrù tí wọ́n pàtẹ, ó ń wo orí àwọn ènìyàn tí kò lè bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀sán kan ni, lẹ́yìn òjò. Rẹ̀mílẹ́kún wà nísàlẹ̀, ó ń gbá omi àpáta tó ti gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, nígbà tó gbọ́ ìró kan gbì lókè, lẹ́yìn náà igbe Màmá. Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Kó tó débẹ̀, Nathaniel ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ń fi èjìká tì í. Ilẹ̀kùn náà ṣí níwọ̀n ìka kan, ó dúró. Màmá ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ọmọ rẹ̀ bá tì í ni ilẹ̀kùn ń gun ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kákò sábẹ́ ara, tó sì ń ké.

Rẹ̀mílẹ́kún ní, “Ẹ má tì í mọ́. Ẹsẹ̀ Màmá lẹ ń tì.”

Nathaniel fi í sílẹ̀. Ó sáré jáde lọ wo fèrèsé, irin ni wọ́n fi dí i láti òkè dé ilẹ̀ nítorí olè. Ó sáré padà. Ó wá ọ̀nà tí yóò fi tú ilẹ̀kùn náà kúrò lára férémù, ṣùgbọ́n inú lọ́hùn-ún ni àwọn irin tó gbé e dúró wà. Ó fa fóònù yọ, ó ń pe Munir. Munir kò gbé e. Ó tún pè é. Ìyá rẹ̀ ti dẹ́kun igbe, ó wá ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Rẹ̀mílẹ́kún sọ̀kalẹ̀, ó mú àáké tí wọ́n fi ń la igi, ó gòkè padà. Nathaniel rí àáké náà, ó na ọwọ́ dí i lọ́nà.

Ó ní, “Ní sùúrù. Munir á gbé fóònù. Igi ìrókò ni ilẹ̀kùn yẹn, Ìyá Ayọ̀. Kò sí irú ẹ̀ mọ́.”

Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, “ẹ” ni Rẹ̀mílẹ́kún fi ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ nínú ìjà. Lọ́jọ́ náà ó wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ bí ẹni ń wo ìdọ̀tí tí ajá yà síwájú ilé.

Ó ní, “Kúrò níbẹ̀ fún mi, ìwọ ọkùnrin yìí.”

Nathaniel kúrò. Rẹ̀mílẹ́kún gbé àáké lé òkè ilẹ̀kùn náà, jìnnà sí ibi tí Màmá wà, ó là á. Ìrókò kọ́. Pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan báyìí ni, tí wọ́n lẹ nǹkan aláwọ̀ igi mọ́ níwájú àti lẹ́yìn. Àáké wọ inú rẹ̀ bí ọ̀bẹ tí ń wọ inú mọ́ínmọ́ín. Ó gé e débi àárín, ó gun àpótí, ó gba orí rẹ̀ wọlé, ó rọra fa Màmá kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ilé ìwòsàn ní Ìkàrẹ́ ni wọ́n gbé e lọ. Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ló ṣẹ́, ìyókù ara rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, Nathaniel gbé ọkọ̀ dé, Màmá sì fi èdè Ọ̀kà sọ fún un pé òun kò tún ní gun òkè yẹn láàyè. Ilé Àlàájà Nafisah ni Rẹ̀mílẹ́kún gbé e lọ, nínú yàrá kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà. Òun náà kó aṣọ rẹ̀, ó tẹ̀lé e. Nathaniel nìkan ló padà sí Ọ̀kà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Màmá dùbúlẹ̀, ó di ojú, wọ́n ṣe bí ó sùn. Rẹ̀mílẹ́kún àti Àlàájà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, Rẹ̀mílẹ́kún ń sọ bí ìrókò ọkọ òun ṣe di pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó wá ní ohun tó wu òun jù ni pé òun ti sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn náà fún un látorí àwòrán, ó ní kí òun lọ wo ọbẹ̀, lòun bá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìwà òmùgọ̀ rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́.

Màmá la ojú. Ó ní, “Ìyá Ayọ̀, o mọ̀ nígbà tí mò ń lọ gbé ibẹ̀?”

Rẹ̀mílẹ́kún yíjú sí i.

“Nathaniel gọ̀. Èmi ni mo bí i, mo mọ̀. Ìwọ ò gọ̀. O rí i, o sì ń fi í ṣe ẹ̀rín.” Ó yí ojú sí ògiri. “N kò mọ èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ni kí n máa bẹ̀rù.”

Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu Rẹ̀mílẹ́kún kò mọ ibi tí yóò gbà. Àlàájà Nafisah rántí pé òun kò tíì kírun, ó dìde. Rẹ̀mílẹ́kún jókòó síbẹ̀ títí. Ó ti pẹ́ tó ti ń kẹ́gàn Nathaniel, ẹ̀gàn náà sì ti mọ́ ọn lára bí aṣọ. Kò rò ó rí pé ẹnì kan lè jókòó níbì kan kó yínmú sí òun náà, kó sì jàre.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, ó lọ sí Ọ̀kà. Nathaniel ṣílẹ̀kùn fún un pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí a kò lọ̀. Rẹ̀mílẹ́kún kò kí i dáadáa. Ó ní kó tẹ̀lé òun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti yàrá dé yàrá: súìṣì yìí ń bọ̀ níhìn-ín, ilẹ̀kùn yìí á máa ṣí síta, kí wọ́n la gọ́tà gba ẹ̀yìn ògiri yìí, kí ilé ìdáná sọ̀kalẹ̀. Nathaniel ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó ń mi orí. Wọ́n dé pálọ̀ kékeré kan nísàlẹ̀, tí àga rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá.

Rẹ̀mílẹ́kún ní, “Ibí yìí ni yàrá Màmá. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ á wà níbẹ̀ yẹn, á fẹ̀.”

Nathaniel wá sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní pálọ̀ àwọn àlejò pàtàkì ni. Ìyàwó rẹ̀ ní kó dárúkọ àlejò pàtàkì kan. Ó ronú, ó tún ronú, kò rí ẹni tí yóò dárúkọ. Àánú rẹ̀ fẹ́ ṣe Rẹ̀mílẹ́kún, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó pẹ́.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tí Màmá tún lè fi ọ̀pá rìn, ó gbà láti wá wò ó. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó tì í, ó ṣí i, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìsàlẹ̀ níbi tí ẹni tó ń ti oko bọ̀ ti lè kí i, kò sì tún béèrè ìgbà tí òun máa lọ.

Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú kan, Rẹ̀mílẹ́kún jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá ọkọ rẹ̀ lábẹ́ igi pẹ̀lú Akínlọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kọ́ni ní yunifásítì Àkùngbá, tó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé tirẹ̀. Nathaniel na ìka sókè, ó ń sọ fún un pé yàrá arúgbó gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, pé ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣí síta, pé ohun tí òun kọ́kọ́ rò nìyẹn kí òun tó ra búlọ́ọ̀kù kan.

Rẹ̀mílẹ́kún wò ó. Ó yínmú kó tó mọ̀. Ó ti fẹ́ kọjá lọ, kó lọ pa ìtàn náà fún Àlàájà, àmọ́ ó dúró.

Ó ní, “Akínlọ́lá, ìyàwó rẹ ńkọ́?”

Akínlọ́lá ní, “Ó wà nílé, Mọ́mì.”

“Mú un wá bá mi lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Òun ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìwọ.”