Wọ́n Tì Wá

Ẹ fa àga yín sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn orin, kí ẹ sì fi fóònù yín sápò fúngbà díẹ̀. Ìtàn bí wọ́n ṣe fi ohùn ọmọbìnrin kan pa ọmọbìnrin náà lẹ́nu mọ́ ni mo gbé wá. Kò tíì pẹ́ tó ṣẹlẹ̀, kò sì jìnnà síbi tá a jókòó sí yìí. Bó bá rí yín lára níbì kan, ẹ má bínú sí mi. Ó rí èmi náà lára.

Orin kẹrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Sùlíyá di ọwọ́ Ìyá Bọ́látitó mú. Inú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan n'Ìkẹjà ni wọ́n wà, lọ́sàn-án Sátidé, níbi tí àwọn èèyàn ti kóra jọ láti gbọ́ àwo orin tuntun tí Sùlíyá ṣe. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ bí ẹni pé ẹja ni wọ́n fẹ́ tọ́jú síbẹ̀. Àwọn tí wọ́n pè wá ń jẹ mósà àti ẹran díndín, wọ́n ń fi aṣọ tábìlì nu epo ọwọ́ wọn.

"Ìyá, èyí gan-an ni," ni Sùlíyá sọ sí i létí. "Ti Bọ́látitó nìyí."

Ìyá arúgbó náà mi orí. Aṣọ funfun ìjọ rẹ̀ ló wọ̀ wá láti Orílé Àgége, ó ti lọ̀ ọ́ títí gbogbo etí rẹ̀ fi mú. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sábẹ́ àga, bí ẹni tó wọ ilé àdúrà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀ yẹn kí n sọ ẹni tí Bọ́látitó jẹ́ fún yín, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n ti ń kọrin pọ̀ láti ilé ìwé girama l'Ágége. Adùnúnbárìn ni wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbọ́ wọn lórí rédíò nígbà kan, àwọn ọmọdé máa ń fi orin wọn fo okùn. Sùlíyá ló ń dá orin, Bọ́látitó ló ń gbè é, pẹ̀lú ohùn kan tó ki bí oyin ìsàlẹ̀ ìgò. Ẹnì kẹta wọn bá ọkọ rẹ̀ lọ sókè òkun, bí ẹgbẹ́ ṣe túká nìyẹn. Sùlíyá ń ti sítúdíò kan bọ́ sí òmíràn, ó ń wá ẹni tí yóò bá a gbé àwo tirẹ̀ jáde. Bọ́látitó ní tirẹ̀ ní ìyá opó tí yóò bọ́, ló bá gba iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe abọ́ ike, nítòsí ojú irin.

Ní ilé-iṣẹ́ yẹn, bí àwọn obìnrin bá ti wọlé tán, wọ́n á fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn láti ìta. Àwọn ọ̀gá ní àwọn obìnrin náà ń jí abọ́. Abọ́ ike o, èyí tá a fi ń bomi! Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná sọ lára ẹ̀rọ. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ jẹun. Bọ́látitó pe Sùlíyá lórí fóònù. Ikọ́ ni Sùlíyá kọ́kọ́ gbọ́, ó gbọ́ igbe àwọn obìnrin mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, ó wá gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀: "Sùlí, wọ́n tì wá mọ́lé." Fóònù dákẹ́.

Ilé-iṣẹ́ ní kò sí ilẹ̀kùn kankan tí ẹnikẹ́ni tì. Wọ́n ní jìnnìjìnnì ló bo àwọn obìnrin náà tí wọn ò fi rí ọ̀nà. Wọ́n gbé àpò ìrẹsì kan lọ fún Ìyá Bọ́látitó, wọ́n ya fọ́tò bí wọ́n ṣe ń gbé e fún un, wọ́n ní kó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wádìí ohun kan ṣoṣo: ṣé wọ́n ti ilẹ̀kùn ni àbí wọn ò tì í? Àwọn tó yọ nínú iná ò fẹ́ lanu, torí ilé-iṣẹ́ yẹn náà ló ṣì ń fún wọn níṣẹ́. Fóònù Bọ́látitó ti yọ́ pẹ̀lú àwọn abọ́ tó yí i ká. Etí Sùlíyá nìkan ló kù. Ìdí nìyẹn tó fi mú ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ kẹ́yìn, tó fi ṣe ègbè orin kan nínú àwo àkọ́kọ́ tó dá ṣe. Ó rò ó pé bí gbogbo Èkó bá ń kọ ọ́, ìgbìmọ̀ ò ní lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì yẹn, orin náà dé ibi ègbè. Sùlíyá di ojú.

*Wọ́n tì wá lẹ́yìn o, wọ́n tì wá lẹ́yìn,*
*Nígbà tí ooru mú, wọ́n tì wá lẹ́yìn.*

Ó la ojú. Ó kọ́kọ́ rò pé etí òun ló ń tan òun. Ohùn rẹ̀ ni. Ó mọ ibi tí òun ti mí, ó mọ ibi tí ẹkún ti há òun lọ́fun lọ́jọ́ tí wọ́n gba ohùn òun sílẹ̀. Àmọ́ níbi tó ti gbé "mọ́lé" lọ sókè, tó dì í mú níbẹ̀ bí ẹni tó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá ilẹ̀kùn, ohùn náà rọra já wálẹ̀ sórí "lẹ́yìn", ó balẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó jókòó sórí tìmùtìmù. Igbe ti di ọpẹ́. Káàkiri gbọ̀ngàn, àwọn èèyàn ń mi èjìká.

"Háà, orin ọpẹ́ gidi rèé!" ni ọkùnrin kan pariwo, ẹran ṣì kún ẹnu rẹ̀. "Èyí máa wọ ṣọ́ọ̀ṣì!"

Lára ògiri iwájú, àwòrán kan hàn gàdàgbà: abọ́ ike aláwọ̀ búlúù, orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, àti ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ rẹ̀, *Alátìlẹ́yìn Àwo Yìí*. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́.

Ìyá Bọ́látitó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ọwọ́ Sùlíyá.

"Ta ló tì í lẹ́yìn?"

"Ìyá, ẹ dákun, kì í ṣe bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn…"

"Mo ní ta ló ti ọmọ mi lẹ́yìn, Sùlíyá? Àbí wọ́n tì í lẹ́yìn ni ó fi ṣubú sínú iná?"

Ó fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga, kò rí i. Ó rìn jáde bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tó ń jó, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Obìnrin kan yà fún un, ó sì rẹ́rìn-ín, ó rò pé ẹ̀mí ló gbé ìyá náà.

Sùlíyá bá Láolú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láolú ló ni ilé-iṣẹ́ tó gbé àwo náà jáde. Ó ń fi igi ìtayín ta eyín.

"Bọ̀ọ̀dá Láolú, kí lẹ fi orin mi ṣe?"

"Sùlí mi! Wò ó, wọ́n ń jó! O rí wọn?"

"Mo ní kí lẹ fi orin mi ṣe?"

"Rọra o, àwọn èèyàn ńlá wà nínú ilé." Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Ọ̀rọ̀ kan ni. Orin mẹ́wàá ló wà nínú àwo yẹn, ọ̀rọ̀ kan péré la yí, o ń pariwo lé mi lórí. Ta ló fẹ́ jó sí 'wọ́n tì wá mọ́lé'? Ṣé ọgbà ẹ̀wọ̀n la ti fẹ́ tà á ni?"

"Ọ̀rọ̀ òkú ni, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ tó sọ kó tó kú ni!"

"Kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Àmọ́ òun kọ́ ló máa ra àwo. Ta lo rò pé ó ń ṣe gbogbo èyí?" Ó fi igi ìtayín náà tọ́ka sí gbọ̀ngàn. "Àwọn alábọ́ ike yẹn ni. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ran ọmọ àdúgbò lọ́wọ́. Ó yẹ kó o dọ̀bálẹ̀ fún wọn, obìnrin ni ẹ́ ni ò jẹ́." Ẹ̀rín ara rẹ̀ pa á.

Gbénró, ẹni tó gba ohùn Sùlíyá sílẹ̀ ní sítúdíò, ń yọ́ kọjá lọ. Sùlíyá gbá a lọ́wọ́ mú.

"Gbénró, níbo lo ti rí 'lẹ́yìn'? Mi ò kọ 'lẹ́yìn' nínú orin yẹn!"

Gbénró ń wo ilẹ̀. "Ohùn yín náà ni, àǹtí. Mi ò fi ohùn ẹlòmíì sí i."

Nígbà náà ló tó yé e. Orin kan wà nínú àwo náà tó fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó bí i, ó ní, *Màámi, ẹ tì mí lẹ́yìn*. Lọ́jọ́ tí wọ́n parí iṣẹ́, Gbénró ní ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn ò mọ́ dáadáa, kó tún un kọ nìkan. Ó kọ ọ́. Gbénró ní kó gbé e sókè díẹ̀ sí i. Ó gbé e sókè. Ó ní kó fi ẹkún díẹ̀ sí i. Sùlíyá, tí kì í bi ẹni tó bá wà nídìí ẹ̀rọ léèrè ọ̀rọ̀, fi ẹkún sí i. *Lẹ́yìn. Lẹ́yìn. Lẹ́yìn.* Ó dà bí ẹni tó fúnra rẹ̀ gé aṣọ lé wọn lọ́wọ́ ní ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́.

Ẹ̀bá ìkòkò òdòdó òtẹ́ẹ̀lì yẹn ló bì sí. Láolú fa bàtà rẹ̀ sẹ́yìn kíá, kó má baà ta sí i.

Lọ́jọ́ kejì Sùlíyá lọ bá Gbénró, ó ní kó fún òun ní orin náà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Gbénró ní òun ti pa á rẹ́, Bọ̀ọ̀dá Láolú ló dúró ti òun títí òun fi pa á rẹ́. Ó lọ sí Orílé Àgége. Ìyá Bọ́látitó kò ṣílẹ̀kùn. Ó dá a lóhùn láti inú ilé: "Mò ń gbàdúrà, Sùlíyá. Máa lọ." Nígbà tí yóò fi padà dé ìta, ọmọ tó ń ta ọṣẹ ní ìkòríta ti ń fi orin náà polówó.

Ìgbìmọ̀ jókòó ní gbọ̀ngàn kan n'Ìkẹjà. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà kún ìdajì àga, àwọn ọ̀gá ló fi bọ́ọ̀sì kó wọn wá, wọ́n sì wọ ẹ̀wù búlúù kan náà. Ìyá Bọ́látitó jókòó ní iwájú, kò wo ẹnikẹ́ni. Sùlíyá dìde, ó sọ ohun tó gbọ́ lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Obìnrin tó ṣe alága ń gbọ́ ọ dáadáa, ó tiẹ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀. Fúngbà díẹ̀, ó dà bí ẹni pé ilẹ̀kùn yẹn fẹ́ ṣí.

Agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ dìde. Ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́, òórùn lọ́fíńdà rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé.

"Ẹ kú ìrọ́jú, àbúrò wa. Èmi gan-an fẹ́ràn orin yín. Ẹ ní olóògbé sọ̀rọ̀ kan fún yín. Ṣé ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn kọrin?"

"Mo fi kọrin, ṣùgbọ́n wọ́n…"

"Ẹ fara balẹ̀. Orin kẹrin nínú àwo yín ni?"

"Òun ni. Wọ́n yí i…"

Ó ti tẹ fóònù rẹ̀. *Wọ́n tì wá lẹ́yìn o, wọ́n tì wá lẹ́yìn.* Nínú gbọ̀ngàn tó dákẹ́ rọ́rọ́ yẹn, ó dùn, ẹ gbà mí gbọ́. Òṣìṣẹ́ kan ti fẹ́ máa mi orí kó tó rántí ara rẹ̀.

"Ohùn ta nìyẹn?"

"Ẹ̀rọ ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀, sà! Ọ̀rọ̀ mi kọ́!"

"Mi ò bi yín nípa ọ̀rọ̀. Ohùn ta ni?"

Sùlíyá wo Láolú tó jókòó sẹ́yìn àwọn ọ̀gá. Láolú ń wo èékánná rẹ̀.

"Ohùn mi ni."

"Ẹni tó ń sunkún yẹn, ta ni?"

"Èmi ni."

"Ẹ ṣeun púpọ̀." Ó yíjú sí alága. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ní òun ni."

Alága fi awò ojú rẹ̀ padà sójú, ó kọ ọ́.

Wọ́n bi àwọn òṣìṣẹ́ bóyá ẹnikẹ́ni nínú wọn ní ohun tó fẹ́ sọ nípa ilẹ̀kùn. Àga dún níbì kan. Kò sí ẹni tó dìde. Ìgbìmọ̀ ní kò sí ẹ̀rí pé wọ́n ti ilẹ̀kùn, àti pé ọ̀rẹ́ olóògbé fúnra rẹ̀ ti fi orin jẹ́rìí sí oore ilé-iṣẹ́ náà. Orin náà gba àmì ẹ̀yẹ lọ́dún yẹn. Láolú ló lọ gbà á. Ìjọ Ìyá Bọ́látitó fi jó níbi ìkórè, ìyá náà sì ti ń lọ jọ́sìn níbòmíì, lọ́nà Abúlé Ẹ̀gbá, níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Sùlíyá ò kọrin mọ́. Bí wọ́n bá rí i lójú títì, wọ́n á ní kó dá a fún àwọn díẹ̀, kó fi ẹkún yẹn sí i.

Modinat, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ abọ́ yẹn, ló sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ fún mi. Ó wà nínú ilé náà lọ́jọ́ iná, fèrèsé tó fọ́ ló gbà jáde, àpá ibi tó ti gé e ṣì hàn lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ó wà nínú gbọ̀ngàn náà pẹ̀lú, nínú ẹ̀wù búlúù. Mo bi í pé kí ló dé tí kò dìde. Ó wo aago, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó ní kí n má bínú, iṣẹ́ ọ̀sán ti tó, wọ́n máa tó ti ilẹ̀kùn.