Fèrèsé Tí Kò Gbọdọ̀ Ní Kọ́tìnì

Hiltje kò tíì bọ́ kóòtù tí òjò pa lọ́rùn tó ti ń fi ìgbọ̀nwọ́ lànà láàárín èrò, títí ó fi dé iwájú àwòrán náà. Aago méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Láàárọ̀ ni aládùúgbò rẹ̀ kan ti sọ ọ́ lórí fóònù pé fèrèsé ilé rẹ̀ wà níbi ìpàtẹ àwòrán, ó sì ti sọ fún Jeltje náà. Jeltje, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ní òun máa dé ní aago mẹ́ta. Ohun yòówù kó wà nínú àwòrán yìí, ìyá gbọ́dọ̀ rí i kí ọmọ tó rí i.

Fèrèsé rẹ̀ ni lóòótọ́. Ìkòkò òdòdó, tábìlì, ife kọfí méjì. Òun fúnra rẹ̀ jókòó, ó fọwọ́ lérán. Àga kejì ṣófo.

Ó wo àga náà títí ojú fi ń ta á. Tsjerk kò sí níbẹ̀.

Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ìfura loògùn àgbà. Gbogbo Ọjọ́bọ̀, bí aago mẹ́wàá bá ti lù, Tsjerk, tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣí afárá fún ọkọ̀ ojú omi kó tó fẹ̀yìn tì, á wá mu kọfí lọ́dọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Douwe ọkọ rẹ̀ wà láyé. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló wà, ó sì di ọdún kẹta tó ti ń pe ìyàwó rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì. Jeltje fẹ́ràn bàbá rẹ̀ bí ẹyin ojú. Bó bá fi lè gbọ́ pé ọkùnrin kan ń jókòó sórí àga bàbá òun, Hiltje mọ̀ pé ọmọ náà kò ní tẹ ilé òun mọ́.

Kí ló dé tí kò fa kọ́tìnì? Ní ìlú Dokkum yìí? Ta ló ń fa kọ́tìnì lójú ọ̀sán bí kò ṣe ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ò mọ́? Láti ayé ìyá ìyá rẹ̀ ni fèrèsé ti ń ṣí sílẹ̀ gbayawu, kí gbogbo àdúgbò lè rí i pé kò sí ohun tí wọ́n ń fi pa mọ́ nílé. Ẹni tó ń kọjá náà á mọ ìwà í hù, á kọjú síwájú, á máa bá tirẹ̀ lọ. Ojú á rí, ẹnu á dákẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Rinske nìkan ni kò mọ̀ ọ́n, ọmọbìnrin ayàwòrán tó kó dé òdìkejì odò lọ́dún tó kọjá. Tàbí kó mọ̀ ọ́n, kó má kà á sí.

“Opó ni,” obìnrin kan tó wọ bàtà òjò ń sọ fún ọkọ rẹ̀. “Wo ife kejì. Ó ṣì ń bu kọfí fún òkú.”

“Òkú kì í mu kọfí. Bóyá òun gan-an ló fún un ní májèlé mu. Wo ojú ẹ̀, jàre, ayé ń yẹ ẹ́.”

“Kó o yáa máa ṣọ́ ohun tí mo bá bù fún ìwọ náà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sún síwájú. Wọn ò mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ń sọ ló ń mí sí wọn lẹ́yìn ọrùn.

Rinske dúró lẹ́bàá ògiri, ó ń wo àwọn tó ń wòran. Hiltje lọ bá a.

“O máa ń wò mí.”

“Fèrèsé yín ló ṣí sílẹ̀, mà.”

“A ṣí i, a ò ní kó o wọlé.”

Ọmọbìnrin náà wolẹ̀. “Mo ti yọ ohun tó yẹ kí n yọ, mà.”

Àṣé Rinske ti rí Tsjerk. Hiltje sún mọ́ ọn. “Kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?”

“Mi ò fẹ́ nǹkan kan. Ẹni tó bá wò ó ló máa sọ ohun tó rí.”

Ìdáhùn yìí kò tẹ́ Hiltje lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò ráyè bi í léèrè mìíràn. Jeltje ti dé ṣáájú àkókò tó dá, ó sì ti dúró síwájú àwòrán.

“Bàbá ẹ ni mo máa ń bu ti ìkejì fún,” Hiltje ní, kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Ọ̀rọ̀ obìnrin oníbàtà òjò ló yá lò.

Jeltje kò wo ife, kò wo àga. Ojú obìnrin inú àwòrán ló ń wò.

“Màmá, mi ò rí i rí kí ẹ wo bàbá mi báyìí.”

Wọ́ọ́rọ́wọ́ ló sọ ọ́. Ìgbà náà ni Hiltje ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ojú ara rẹ̀, nítorí látìgbà tó ti dé, àga ló ń ṣọ́. Obìnrin inú àwòrán la ẹnu díẹ̀, ojú rẹ̀ dúró sójú ẹnì kan, bí ẹni tí wọ́n ń sọ ìtàn fún tí kò fẹ́ kó parí. Wọ́n yọ ọkùnrin kúrò lórí àga, wọn ò rí i yọ kúrò níbẹ̀ yẹn. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọdún kan gbáko ló ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé kọfí lásán ni.

“Ta ni, Màmá?”

Ẹnì kan lẹ́yìn wọn bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sún díẹ̀, kí àwọn náà lè rí i. Hiltje kò sún. Kò tíì wò ó tán.