Ọwọ́ Tó Fi Ọ̀nà Hàn

Mùkáílà gbé ọwọ́ ọ̀tún kúrò lórí alùpùpù rẹ̀ láti fi ọ̀nà han ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n náà sì kọ lù ú, itan ẹ̀gbọ́n kán.

Ìyípo kẹwàá ni, èyí tó kẹ́yìn, ní kọ́nà tó sún mọ́ odò jù lọ. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ kejì tí Nàìjíríà gba òmìnira, wọ́n sì ta àsíá tuntun káàkiri pápá eré tí wọ́n fi dúrọ́ọ̀mù pààlà rẹ̀ ní ọ̀nà Ugbuwangue. Ràhímù fò kọjá lórí àbúrò rẹ̀, ó fi itan lu dúrọ́ọ̀mù kan tó kún fún yanrìn. Àwọn obìnrin tó ń ta ẹja nítòsí ní àwọn gbọ́ bí egungun ṣe fọ́. Mùkáílà bó ní ìgbọ̀nwọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó nu yanrìn kúrò lójú. Ohun tí gbogbo èèyàn rí nìyẹn: àbúrò dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ̀gbọ́n ń ké nílẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sá ìyípo mẹ́fà láti mú àwọn mẹ́rin tí yóò sá àṣekágbá. Mùkáílà ló ṣáájú gbogbo wọn. Ràhímù ṣe ẹ̀kẹrin, díẹ̀ ló kù kí ó má wọlé.

Ràhímù yìí ló kọ́ ọ ní alùpùpù gígùn, nínú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì wọn lójú ọ̀nà Sapele. Láti ìgbà tí baba wọn ti kú, òun ló ń bọ́ ọ, òun ló fi í sí ilé-ìwé, òun náà ló ń nà án. Ọdún mẹ́ta gbáko ni kò fi sẹ́ni tó ṣáájú Ràhímù níbi eré kankan ní Warri. Lọ́jọ́ Sátidé yìí, eruku àbúrò rẹ̀ ló bò ó lójú, níwájú Láídé, ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́, àti baba Láídé, akọ̀wé kọ́sítọ́ọ̀mù tí kì í rẹ́rìn-ín.

Festus, ọmọ Urhobo tó ń ju àsíá eré, kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó bu omi sínú ife, ó gbé e tọ Ràhímù lọ.

"Oga Ràhímù, take water wash your mouth. Your small broda dust no get salt."

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Láídé fi gèlè bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì. Ràhímù gba omi náà, ó mu ún tán, ó bá wọn rẹ́rìn-ín.

Àwọn tó ṣètò eré náà ti sọ pé ẹni tó bá gba ipò kìíní lọ́jọ́ Àìkú ni àwọn yóò mú lọ sá eré ní Èkó lóṣù Kejìlá. Mùkáílà kò tíì dé Èkó rí. Fún oṣù mẹ́ta, kò ro nǹkan mìíràn. Bó bá ń jẹun, Èkó ni. Bó bá ń kírun, Èkó ni, kí Ọlọ́run forí jì í.

Nírọ̀lẹ́, kí oòrùn tó wọ̀, Ràhímù pè é sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ń kó táyà tó ti jẹ jọ sí. Ó ní baba Láídé ti béèrè lọ́wọ́ òun pé, ta ni olórí nínú ilé yín gan-an? Ó ní lọ́la, ní ìyípo tó kẹ́yìn, ní kọ́nà etí odò, kí Mùkáílà yà fún òun. Mùkáílà bẹ̀rẹ̀ sí í to táyà lé ara wọn.

Ràhímù wo ọ̀tún, ó wo òsì. Nígbà tí kò rí ẹnì kankan, ó kúnlẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ilẹ̀ olóyìílì, ó ń na ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kì í dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò. Bó bá ṣe é, orí àbúrò ló ń wá. Mùkáílà ki ọwọ́ bọ abíyá rẹ̀ kí àyà rẹ̀ tó kan ilẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ má pa mí."

"Ṣé wàá yà?"

"Màá yà. Ẹ sáà dìde."

Ràhímù dìde, ó fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbọ́. Bó ṣe ń lọ, ó ń súfèé.

Lọ́jọ́ kejì, Mùkáílà sá eré tí kò sá irú rẹ̀ rí. Ní ìyípo keje, ó ti fi àwọn yòókù sílẹ̀ jìnnà débi pé afẹ́fẹ́ nìkan ló ń gbọ́ lẹ́yìn. Ó rò ó pé, bí Bọ̀ọ̀dá kò bá lè bá mi, ta ni màá yà fún? Ó rò ó títí ó fi yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ó rántí àtẹ́lẹwọ́ lórí ilẹ̀ olóyìílì, ó bá dẹ eré títí ó fi gbọ́ alùpùpù ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ní kọ́nà etí odò, ó fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bojú wẹ̀yìn. Ràhímù ń bọ̀, ṣùgbọ́n ó jọ pé kò mọ̀ bóyá àbúrò òun yóò mú ìlérí ṣẹ. Ó yẹ kí Mùkáílà juwọ́ sí i pé kó máa bọ̀. Ọwọ́ òsì ló rọrùn. Ẹni tó bá gun alùpùpù mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ló ń fún ẹ̀rọ níná, a kì í gbé e kúrò lórí eré. Mùkáílà mọ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ẹni tó sì ń bọ̀ lẹ́yìn yìí ló dúró bíi baba fún un. Kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ ọ̀tún ló gbé sókè.

Ẹ̀rọ rọlẹ̀ lójijì. Ọwọ́ òsì kan ṣoṣo kò lè di alùpùpù mú nínú yanrìn, táyà iwájú sì yà bàrà sí ojú ọ̀nà Ràhímù.

Ní ilé ìwòsàn, kó tó di ìrọ̀lẹ́, Festus ti ròyìn fún ìyá wọn. Ìyá Ràhímù ni gbogbo ọjà Igbudu ń pè é, nítorí Ràhímù ló kọ́kọ́ bí. Festus ní, "Mama, the boy look back, raise hand laugh am, come block am." Ìyá bi Mùkáílà bóyá òótọ́ ni. Mùkáílà ní kí wọ́n bi Bọ̀ọ̀dá.

Láídé dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, baba rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá tẹ̀ síwájú.

"Ràhímù, ṣé ohun kan wà láàárín yín tí mi ò mọ̀?"

Ràhímù wo àbúrò rẹ̀. Ó wo akọ̀wé kọ́sítọ́ọ̀mù.

"Kò sí," ó ní. "Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí mi dáadáa, kó tó ṣe ohun tó ṣe."

Mùkáílà la ẹnu. Kí ni yóò sọ? Pé ẹ̀gbọ́n òun fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀ fún òun lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù? Kó sọ bẹ́ẹ̀ níwájú àna ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nígbà tí ẹ̀gbọ́n náà kò lè dìde jókòó? Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó wá yé e pé láti àná ni Ràhímù ti mọ̀ pé òun kò ní lè sọ ọ́.

Ọjọ́ kẹta, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Obadiah, ló lọ sí Èkó. Láídé fẹ́ Ràhímù, gbogbo èèyàn sì yìn ín. Mùkáílà dúró sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń bọ́ gbogbo wọn. Ní àràárọ̀, ó ń dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń dáhùn, ó ń bi í bóyá ó ti jẹun. Ṣùgbọ́n Àdìgún ni ìyá yìí ti ń pè é láti ọjọ́ tó ti bí i, kò sì sẹ́lòmíràn láyé tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ Àìkú yẹn, Mùkáílà ló ń pè é, bí gbogbo ará ọjà ṣe ń pè é, títí ìyá náà fi kú.