Kànga Ẹ̀yìnkùlé Mi

…nítorí náà ni mo ṣe fi òòlù já àgádágodo ìjọba tó wà lẹ́nu kànga mi, ní Fìdítì, lọ́sàn-án Ọjọ́ Sátidé, lójú gbogbo ènìyàn. N kò kábàámọ̀ rẹ̀.

(Mo fẹ́ pa gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn rẹ́. Rárá. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná.)


2

Orúkọ mi ni Solomon Ọlálékan. Káfíńtà ni mí. Mo jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ìjọ Aládùúrà ni mò ń lọ.

Wolé-wolé ní kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé pélébé kan ṣoṣo. Èyí ni ẹ̀ẹ̀karùn-ún tí mo máa bẹ̀rẹ̀.


3

[Wọ́n lẹ èyí mọ́ ara igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́bàá ọjà, ní oṣù kìíní ọdún 1978.]

ÌKÉDE FÚN GBOGBO ARÁ ÌLÚ
Ìjọba ti fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú yìí.
Nítorí náà, láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì, a ó ti gbogbo kànga inú àgbàlé tí kò ní ìwé àṣẹ pa.
Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i yóò rí ìjà òfin.
IRE YÍN NI ÌJỌBA Ń WÁ.


4

Nípa omi ẹ̀rọ.

Wọ́n kọ́ tánkì. Wọ́n kọ́ ilé fún ẹni tó máa ṣọ́ tánkì. Wọ́n mọ ògiri yí ilé ẹni tó máa ṣọ́ tánkì ká. Wọ́n kun bọ́ọ̀dù ńlá kan, wọ́n kọ orúkọ ẹni tó wá ṣí i sójú rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé jó nínú oòrùn títí ọ̀kan fi dákú.

Omi ṣàn fún ọjọ́ mọ́kànlá.

Ẹni tó ń ṣọ́ tánkì ṣì ń gba owó oṣù rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń pọn omi tó ń mu.


5

Nípa kànga.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Adébáyọ̀, la gbẹ́ ẹ lọ́dún 1963. Nígbà tí a gbẹ́ ilẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, a kan àpáta. A dáná sun ún, a da omi tútù lé e kó lè sán, a tún ń gbẹ́ ẹ lọ. Òkúta já bọ́ lu ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, ìka méjì sì lọ sí i. Lọ́jọ́ tí a kan omi, ó wà nísàlẹ̀, mo wà lókè. Ẹkún là ń sun.

Kò sí ẹni ìjọba kankan tó bá wa di okùn mú.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ omi ń wá fà á. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: má gbé okùn mi lọ.


6

OHUN TÍ ÌJỌBA WÀ FÚN, LÓJÚ TÈMI

i. Kó mú olè.
ii. Kó parí ìjà ẹni méjì tí wọn kò lè parí rẹ̀ fúnra wọn.
iii. Kó má jẹ́ kí ogun wọlé.
iv. Kó lọ jókòó.

[Ìyàwó mi, Josephine, rí ìwé yìí lórí tábìlì láàárọ̀ yìí. Ó fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀:]

Bàbá Olúbùsọ́lá, ọmọ tó kú ńkọ́? Èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ká kà á sí?


7

Ọjọ́ kìíní oṣù kejì. Wolé-wolé tó wá ti kànga ń jẹ́ Olúkáyọ̀dé. Ọmọ Awẹ́ ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó wọ kàkí tó ti ṣá. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi kó tó mú àgádágodo jáde nínú àpò.

WOLÉ-WOLÉ: Bàbá, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo wá jẹ́.
ÈMI: Ìjọba tó rán ọ, ṣé ó mọ bí kànga mi ṣe jìn tó?
WOLÉ-WOLÉ: Rárá, sà.
ÈMI: Ìwọ ńkọ́?
WOLÉ-WOLÉ: Èmi mọ bí ṣáláńgá yín ṣe súnmọ́ ọn tó. Ìgbésẹ̀ méjìlá ni.
ÈMI: Ta ló ní kí n gbẹ́ ṣáláńgá?
WOLÉ-WOLÉ: (Ó ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ àgádágodo.)
ÈMI: Ìjọba yín náà ni, lọ́dún 1975. Wọ́n ní gbogbo ilé gbọ́dọ̀ ní tiẹ̀. Wolé-wolé tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ ló fi ìka hàn mí ibi tí mo máa gbẹ́ ẹ sí.

Ó wá sọ fún mi pé àrùn onígbáméjì ló pa ìyá òun lọ́dún 1971, láàárín ọjọ́ kan, àti pé omi kànga ni wọ́n ń mu nílé àwọn. Ó ní òun kò sọ pé omi mi kò dára. Ohun tí òun ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo kí i kú àdánù ìyá rẹ̀. Mo ní kànga mi kì í ṣe kànga tiwọn.

Ó tì í pa.


8

Omi ẹ̀rọ kò ṣàn lọ́jọ́ náà. Kò ṣàn ní gbogbo oṣù náà.


9

LẸ́TÀ MI KÌÍNÍ: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ìwé àṣẹ tí ẹ ní kànga mi kò ní.
ÈSÌ: Ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ti gba ìsinmi lọ sílé.

LẸ́TÀ KEJÌ: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí omi ẹ̀rọ ṣàn.
ÈSÌ: Ọ́fíìsì mìíràn ló ń bójú tó omi ẹ̀rọ.

LẸ́TÀ KẸTA: Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ká máa mu?
ÈSÌ:


10

Odò ìsàlẹ̀ là ń mu. Ẹ̀ẹ̀rùn ti fà á gbẹ títí ó fi kù bí ìwọ̀n ẹní kan ṣoṣo, màlúù sì máa ń dé ibẹ̀ ṣáájú ènìyàn. Josephine máa ń fi aṣọ sẹ́ ẹ. Omi náà ṣì máa ń rí bí omi èlùbọ́.

Òun àti Kùdírátù ni wọ́n jọ máa ń lọ. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wọn àti ilé wa. Mùtàlíbù, ọkọ rẹ̀, ń fi mọ́tò kó èrò lọ sí Ìbàdàn. Ọmọ wọn obìnrin, Fàsílátù, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó máa ń kúnlẹ̀ lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù mi, á ní kí n fún òun ní igi wínníwínní tí mo bá fá dànù, èyí tó máa ń ká jọ. Ó ń fi í ṣe irun fún ọmọláńgidi rẹ̀.

Ọmọláńgidi náà ní irun ju èmi lọ. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀.


11

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì. Mo mú òòlù.

Àwọn ènìyàn péjọ. Mo sọ fún wọn pé ilẹ̀ mi ni, òógùn mi ni, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó fà, ẹni tí kò bá fẹ́ kó fi sílẹ̀, n kò ní fipá mú ẹnikẹ́ni, kí ẹnikẹ́ni má fipá mú mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Kùdírátù ló kọ́kọ́ fà á. Fàsílátù kò dúró de abọ́. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ garawa, ó bu omi mu, omi ń kán sí i láyà, ó ń rẹ́rìn-ín.

Èmi náà rẹ́rìn-ín.


12

Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e.

Àárọ̀: Fàsílátù ń yàgbẹ́ gbuuru. Ó ń bì.
Agogo mẹ́wàá: ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Awọ ara rẹ̀ kò padà mọ́ tí a bá fà á.
Agogo mọ́kànlá: Mùtàlíbù sọ èrò kalẹ̀, ó gbé mọ́tò wá. Kùdírátù wọ ẹ̀yìn, èmi ni mo gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀ níwájú.

A kọjá Jóbẹ̀lẹ̀.

A kò tíì dé Ìlọrà tí ó fi dákẹ́.

Mùtàlíbù kò mọ̀. Ó ń sáré lọ, ó ń fun fèrè sí gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀. Kùdírátù ń gbàdúrà lẹ́yìn, ó dijú. N kò sọ fún wọn. Mo gbé e lé ẹsẹ̀ báyìí títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù, l'Ọ̀yọ́.


13

TÓ BÁ JẸ́ ODÒ NI: ẹni tó ti kànga mi pa ló pa á.

TÓ BÁ JẸ́ KÀNGA NI:

Fàsílátù mu méjèèjì. Ẹni méjì mìíràn tó ṣàìsàn, tára wọn ti ń yá báyìí, mu méjèèjì. Ẹni tó ń ṣọ́ tánkì, kànga nìkan ló ń mu (ó ti pọn ọ́n kún àgbá kí wọ́n tó tì í), ara rẹ̀ sì le. Mo máa ń wò ó tó bá ń kọjá. Mo máa ń wo bó ṣe ń rìn.


14

Mo ní láti tún apá keje kọ.

Wolé-wolé àtijọ́ kò fi ìka hàn mí ibi tí ṣáláńgá wà yìí. Abẹ́ igi ọsàn ló fi hàn mí, lọ́hùn-ún, ní ogójì ìgbésẹ̀ sí kànga. Igi ọsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so dáadáa ni. N kò fẹ́ gé gbòǹgbò rẹ̀. Mo dúró títí ọkùnrin náà fi lọ, mo sì gbẹ́ ẹ sí ibi tó wù mí.

Josephine bá mi sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ní ta ló fẹ́ kọ́ mi bí mo ṣe máa gbẹ́ ilẹ̀ mi.


15

Ọjọ́ Ajé. Olúkáyọ̀dé tún dé, pẹ̀lú ìgò kan. N kò rí ọlọ́pàá lẹ́yìn rẹ̀. Ó fa omi, ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó lẹ ìwé mọ́ ọn.

WOLÉ-WOLÉ: Ìbàdàn ni mò ń gbé e lọ, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.
ÈMI: Ìgbà wo ni èsì máa dé?
WOLÉ-WOLÉ: Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.
ÈMI: Tì í pa, nígbà náà.
WOLÉ-WOLÉ: Tí mo bá tì í, wọ́n á já a. Odò ti gbẹ tán, Bàbá. Kò sí òmíràn.
ÈMI: Kí ni kí n wá ṣe?
WOLÉ-WOLÉ: Kí wọ́n máa sè é kí wọ́n tó mu ún. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún wọn. Èmi ti sọ ọ́ káàkiri, wọ́n ní ìjọba ló tún dé. Ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́ tiyín.
ÈMI: Màá sọ fún wọn.
WOLÉ-WOLÉ: Ẹ sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú. Tí wọn kò bá mọ ìdí, wọn kò ní sè é.

Ó wo ṣáláńgá. Ó wo igi ọsàn. Ó bẹ̀ mí pé kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ó sì lọ.


16

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: n kò tíì sọ.

Ọjọ́rú: wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ fún Fàsílátù. Mùtàlíbù dìde láàárín àwọn ènìyàn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gbé ọmọ òun lé ẹsẹ̀. Ó ní tí kì í bá ṣe kànga mi, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ì bá ti bá a lọ. Wọ́n ṣe àmín. Mo wo ilẹ̀. N kò tíì sọ.


17

Ọjọ́bọ̀, òwúrọ̀ yìí. Mo ń kọ ọ́ lọ́wọ́.

Kùdírátù ti wá sẹ́nu kànga. Mò ń rí i láti ojú fèrèsé. Ó ti fa garawa kan. Ó bu omi sínú abọ́, ó sì jókòó lé etí kànga bí ẹni tó ti rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

Mo ṣí fèrèsé. Mo pe orúkọ rẹ̀.

Ó gbójú sókè, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, Bàbá Káfíńtà.” Ó gbé abọ́ náà súnmọ́ ẹnu.

Mo ní, “Má tíì mu ún, Kùdírátù. Ibi tí mo gbẹ́ ṣáláńgá sí…”