Àkàrà Tí Mo Dín fún Ìbídùn

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má jókòó jìnnà. Ohùn mi kò ròkè mọ́ àfi bí mo bá ń kọrin. Mo ṣàdédé bá ara mi nínú yàrá kan nínú igbó, ògiri rẹ̀ ń mí bí ikùn ewúrẹ́ tó lóyún. Àwọn tí agbébọn kó lójú ọ̀nà oko wa ló jókòó sílẹ̀, wọ́n so ọwọ́ wọn mọ́ra. Ìbídùn, ọmọ ọmọ mi, wà láàárín wọn pẹ̀lú sálúbàtà aláwọ̀ ewé rẹ̀. Inú mi dùn pé mo rí i. Mo jó díẹ̀.

Ọ̀gá àwọn agbébọn fi aṣọ bo ojú. Nígbà tó tú u láti nu òógùn, aṣọ mìíràn ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi dáadáa.

"Màmá, ẹ bá wa dín àkàrà. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á máa lọ sílé ẹ̀."

"Ọmọ mi, ṣé kò sí iṣu? Gàárì ńkọ́?"

"Àkàrà ni, Màmá."

Mo ṣí àpò iṣu, ẹ̀wà ló dà jáde. Mo ṣí ti gàárì, ẹ̀wà ni. Bẹ́ẹ̀, nílé tiwa, ẹni tó gbó tó tọ́ kó tó kú là ń dín àkàrà fún, tí a ń pín in káàkiri. A kì í dín in fún òkú ọ̀dọ́. Kò sì sí arúgbó kankan nínú àwọn tí wọ́n dè. Bí mo bá dín in, mo ti sìnkú wọn nìyẹn.

Láníyọnu ọkọ mi, tó ti kú tipẹ́, jókòó ti ọpọ́n omi, ó ń bó ẹ̀wà.

"Iyọ̀ kò tó nínú èyí tí o dín lọ́jọ́ tí mo kú," ó wí.

"Ẹ̀yin náà! Ta ló fún yín jẹ níbẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín, kò léyín kankan, ó ń bó ẹ̀wà lọ.

Mo gbé agbada kaná. Mo rò pé bí mo bá kọrin sí i, á yí padà di àkàrà ọjọ́ ìkómọ:

Àkàrà, má ṣe tòkú,
ṣe tìkómọ, ṣe tayọ̀.
Ẹni bá jẹ ọ́ kó délé,
kó bá ìyá ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Orin náà dùn débi pé àwọn agbébọn ń gbè é. Àkàrà kan yọrí nínú epo.

"Ìyá, ohùn yín dára," ó wí. "Ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tí wọ́n fi ní kí ẹ dín mi."

Ọkùnrin kan ní òun kò ní jẹ. Ìbọn sọ̀rọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, ó di àpótí, ọ̀gá sì jókòó lé e. Àwọn yòókù jẹ. Ẹni tó bá ti jẹ, okùn á jábọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, á bọ́ bàtà sílẹ̀, á ní òun yó, á gba inú ògiri kọjá. Koríko tó wà níta kò tẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Mo fi ti Ìbídùn pamọ́ sínú ìró mi.

"Ìyá àgbà, ebi ń pa mí."

"Rọra, ọmọ mi."

"Gbogbo wọn ti lọ. Ṣé èmi nìkan lẹ fẹ́ kó kù síbí?"

Mo kúnlẹ̀ fún ọ̀gá wọn, èmi arúgbó. Mo ní kó jẹ́ kí n jẹ àkàrà náà, èmi ló tọ́ sí, mo ti gbó.

"Màmá, ẹ ò sí lára àwọn tí a kó," ó wí, ohùn ẹ̀ tutù.

Mo gbé àkàrà sẹ́nu. Ẹnu mi kò ṣí, mo bá dá a padà sínú ìró.

Ìró mi tú ara rẹ̀. Ìbídùn mú àkàrà náà, ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka rẹ̀. Okùn jábọ́.

"Ẹ ṣeun, Ìyá àgbà. Mo yó."

Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó tò ó dáadáa, ó lọ.

Gbogbo wọn lọ sílé, wọ́n yó, inú wọn dùn. Àwọn agbébọn náà lọ. Láníyọnu kó àwọn bàtà sínú ọpọ́n, ó ń bó wọn bí ẹni ń bó ẹ̀wà. Nígbà tó kan ti Ìbídùn, ó ti ìka bọ epo tó kù nínú agbada, ó tọ́ ọ wò.

"Iyọ̀ tó lọ́tẹ̀ yìí," ó wí.