Bíréèkì Abẹ́ Tábìlì Kàmọ́rù

Kàmọ́rù ní òun ti fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì nìkan dá ọkọ̀ ojú irin dúró rí. Ọ̀nà Kpalimé ló ní ó ti ṣẹlẹ̀, lọ́jọ́ òjò, nígbà tí bíréèkì rélùwéè já, tí awakọ̀ sì ti ń ké pe ìyá rẹ̀. Ó ní òun gba ojú fèrèsé wọlé, òun ti awakọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun na àtàǹpàkò, ni gbogbo irin ọ̀hún bá dúró gbagidi. Ìdúró náà le débi pé ewúrẹ́ kan tó wà níbi ẹrù bímọ láìròtẹ́lẹ̀.

"Mélòó ló bí?" Àlájà Rùkáyátù bi í.

"Mẹ́fà, Àlájà. Wọ́n sọ èyí tó lágídí jù nínú wọn ní Kàmọ́rù."

Àlájà kò rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé kò mọ ẹ̀rín rín o. Tó bá rẹ́rìn-ín ní ọjà ńlá níbi tó ti ń ta aṣọ, àwọn tó wà létí òkun máa ń rò pé ọkọ̀ ojú omi ló fọn fèrè. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yìí, ọkàn rẹ̀ ti wà ní Kùtọnu. Fàdílátù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti bímọ níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tó ti ń wojú Ọlọ́run. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa sọ ọmọ lórúkọ. Bí Àlájà ò bá sí níbẹ̀, ìyá ọkọ Fàdílátù ló máa gbé ọmọ jókòó láàárín èrò, tí á máa mi orí bíi pé òun nìkan ló ní in. Àlájà mọ obìnrin náà. Ó lè mi orí títí dọdún Iléyá.

Ọkọ̀ wo wá ni yóò gbé e lọ? Ọdún 1993 ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ìyanṣẹ́lódì sì ti wọ oṣù kejì ní gbogbo Lomé. Takisí ò ṣiṣẹ́, báńkì tìlẹ̀kùn, ilé ẹ̀kọ́ dákẹ́. Àní àkùkọ àdúgbò Tokoin, bó bá kọ lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, á wo ọ̀tún, á wo òsì, bóyá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbọ́. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó kù ni ti Àlájà fúnra rẹ̀, èyí tí òyìnbó Faransé kan tó ń sá lọ ilé tà fún un ní ìkánjú. Ọkọ̀ Jámánì ni, ilẹ̀kùn mẹ́rin, ó rẹlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi imú gbọ́ òórùn ilẹ̀. Eré sísá ni wọ́n ṣe é fún. Ó lè fi Lomé sílẹ̀ kí ẹni tó ń dágbére fún ọ tó ju ọwọ́ tán.

Sísá kì í ṣe wàhálà rẹ̀. Dídúró ni. Lánàá, ní iwájú ọjà Adidogomé, Àlájà tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ náà han bí ológbò mẹ́ta tí wọ́n so nírù pọ̀, kò sì dúró àfi ìgbà tó ki imú bọ òkìtì iyanrìn. Ọ̀gá Gbádébọ̀, mẹkáníìkì rẹ̀, tú táyà iwájú, ó sì yọ páàdì bíréèkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde. Èyí tó yẹ kó nípọn bí ìka ti fẹ́lẹ́ bí èékánná.

"Bẹ́ ẹ bá gbé e lọ báyìí, Àlájà," Gbádébọ̀ wí, "ẹ máa dé Kùtọnu o. Ẹ máa dé Èkó pẹ̀lú. Ẹ ò kàn ní lè dúró níbì kankan."

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ti ọkọ̀ náà wá síwájú Kàmọ́rù, lórí òkè Tokoin, níbi tí títì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí adágún. Ìlà àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ nìyí, àwọn tó jẹ́ pé wọ́n ń da iṣẹ́ sílẹ̀ ní iwájú, wọ́n sì ń tajà ní ẹ̀yìn. Tábìlì Kàmọ́rù ló kún jù: gíláàsì, fèrè ọkọ̀, iná ẹ̀yìn, àti ìròyìn ara rẹ̀.

Ó gbé páàdì kan jáde, pupa bí ojú ẹni tí kò sùn.

"Ti eré ìje nìyí, Àlájà. Ẹni tó gba ife wúrà nílùú òyìnbó lódún tó kọjá, ara ọkọ̀ rẹ̀ ló ti yọ ọ́ fún mi. Ó ń sunkún bó ṣe ń yọ ọ́."

Àlájà kò wo pupa rẹ̀. Ó tú àpò rẹ̀, ó mú páàdì àtijọ́ kan tó fi àkísà wé, ó sì gbé e lé orí ti Kàmọ́rù, igun sí igun, etí sí etí, bó ṣe máa ń to ọ̀pá aṣọ méjì pọ̀ kó lè mọ èyí tí wọ́n gé kù.

"Etí ò dọ́gba."

"A ó fi fáìlì irin rẹ́ ẹ."

"Èmi kì í fi fáìlì rẹ́ aṣọ kó tó bá oníbàárà mu." Ó yíjú sí mẹkáníìkì. "Ọ̀gá Gbádébọ̀, kí lẹ rí sí i?"

"Irú èyí, àfi tó bá kọ́kọ́ gbóná kó tó lè di nǹkan mú," Gbádébọ̀ dáhùn. "Àwọn tó ń sáré ìje, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ láìsinmi, ó ń gbóná. Tiyín máa tutù lọ ni. Kó tó ríbi gbóná, ẹ ti wà nínú òkun Aného lójú ọ̀nà, ẹ ń kí ẹja."

Kàmọ́rù ti sọ pupa sẹ́yìn, ó ti gbé òmíràn sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Tírélà ló ni èyí. Ó fẹ̀ bí wàláà ilé kéwú.

"Èyí ńkọ́! Èyí lè dá ilé dúró!"

"Ilé ti dúró tẹ́lẹ̀, Kàmọ́rù."

Lódìkejì títì, nísàlẹ̀ díẹ̀, Bernadette tó ń ta ẹ̀kọ gbígbóná pariwo ẹ̀rín. "Mon Dieu! Ọlọ́run mi! Àlájà, ẹ máa pa mí!"

Ó rẹ Àlájà. Ó fi ọwọ́ ti tábìlì, ó tẹ orí ba, ó ń ka ọjọ́ lọ́kàn: òní Ìṣẹ́gun, ọ̀la Ọjọ́rú. Ibi tó tẹ orí ba sí náà ni ojú rẹ̀ ti bá abẹ́ tábìlì. Nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ iyanrìn, wọ́n ti fi nǹkan dúdú kan sí abẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó má baà rì. Ẹsẹ̀ mẹ́rin, nǹkan dúdú mẹ́rin.

"Kàmọ́rù, kí lo fi ti tábìlì?"

"Òkúta ni, Àlájà."

Àlájà, ìyá ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, wọ abẹ́ tábìlì pẹ̀lú gèlè lórí. Kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ pé ó tì, ó ti fa ọ̀kan yọ. Tábìlì náà kúnlẹ̀ bí ràkúnmí. Gíláàsì, bóòtù, fèrè ọkọ̀, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sí ìsàlẹ̀ òkè, fèrè kan sì ń dún fúnra rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Àwọn tó ń mu ẹ̀kọ níwájú Bernadette ń fi ẹsẹ̀ dá wọn dúró bí agbábọ́ọ̀lù.

Àlájà kò rí ìkankan nínú eléyìí. Ó nu iyanrìn kúrò, ó to dúdú náà mọ́ ti àtijọ́. Igun bá igun. Etí bá etí. Ihò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bá ihò kékeré. Gbádébọ̀ gbà á, ó fi èékánná họ ojú rẹ̀, ó wo bó ṣe nípọn tó.

"Tuntun ni," ó wí wẹ́rẹ́. "Kò tíì kan ọkọ̀ rí. Ti ọkọ̀ yìí gan-an sì ni."

Gbogbo ojú bọ́ sára Kàmọ́rù. Ẹlòmíràn ì bá tijú. Kàmọ́rù na àyà.

"Mo ti ń retí yín láti Rámàdánì! Mo mọ̀ pé ẹ ń bọ̀. Ibo ni ẹ fẹ́ kí n tọ́jú ẹ̀ sí tí olè ò ní rí i?"

Gbádébọ̀ kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ti ara rẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, kò sì pẹ́ tó fi dè wọ́n tán. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó tẹ bíréèkì léraléra títí ó fi le lẹ́sẹ̀ dáadáa, ó fa bíréèkì ọwọ́ sókè, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń kùn bí ẹkùn tó jẹun yó.

"Ó kù sí ọ lọ́wọ́, Kàmọ́rù," ó wí.

Òfin kan wà ní ìlà náà láti ìgbà tí ìyanṣẹ́lódì ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé ẹni tó bá tajà lónìí lè ti wà ní Gánà lọ́la, ẹnikẹ́ni tó bá ta bíréèkì ni yóò kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà, tí oníbàárà á jókòó tì í, wọ́n á sì jọ lọ dé etí adágún, wọ́n á padà wá. Bí kò bá dúró, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ lọ. Kàmọ́rù ló dá òfin yìí sílẹ̀. Òun ló gun orí táyà lọ́jọ́ náà, tó ń jùwọ́, tó ní ẹni tí kò bá lè wa ohun tó tà, kó lọ máa ta ẹ̀pà.

Àmọ́ bí Àlájà ṣe ń wò ó báyìí, ọ̀gbẹ́ni náà ti ń gbá ikùn mú.

"Ibà," ó wí. "Ibà ló mú mi."

"Ibà mú ẹ nígbà tó o ta bíréèkì lọ́sẹ̀ tó kọjá," Òjé tó ń ta táyà wí. "Èyí tó ṣáájú ẹ̀, ìyá àgbà rẹ ló kú. Èyí tó ṣáájú ìyẹn ńkọ́? Ìyá àgbà yẹn náà ni."

"Ó tún kú ni!"

Kàmọ́rù wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú rẹ̀ sì là lójijì. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ gbọ́! Kí la torí ẹ̀ da iṣẹ́ sílẹ̀? Ìjọba tiwa-n-tiwa! Ẹnì kan ò gbọdọ̀ pàṣẹ fún ẹnì kan mọ́. Ẹ jẹ́ ká dìbò yan ẹni tó máa wà á!"

Nǹkan tí kò yẹ kó sọ nìyẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe àpérò orílẹ̀-èdè lọ́dún 1991, kò sí ohun tí àwọn èèyàn Lomé kì í dìbò fún. Wọ́n ti dìbò lórí ẹni tó máa gbálẹ̀ ojúlé, wọ́n ti dìbò lórí bóyá kí ọbẹ̀ ní ata. Òjé ti di alága kí Kàmọ́rù tó pa ẹnu dé. Ó gun orí táyà.

"Ẹni tó bá fẹ́ Gbádébọ̀?"

Ọwọ́ kan. Ti Kàmọ́rù ni.

"Ẹni tó bá fẹ́ Kàmọ́rù?"

Ọwọ́ mọ́kànlá ló lọ sókè. Bernadette na méjèèjì, alága sì ní kó sọ ọ̀kan kalẹ̀.

"Màgòmágó!" Kàmọ́rù ké. "Ẹ tún un kà!"

Wọ́n tún un kà. Ó di méjìlá, nítorí pé oníbàárà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ẹ̀kọ tán.

Kàmọ́rù yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ẹni tó ń wá ibi tí ẹnu rẹ̀ wà. Àlájà ti jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún, àpò lórí ẹsẹ̀. Nígbà tí ọ̀gbẹ́ni náà wọlé tán, ó di ìdarí ọkọ̀ mú bí ẹni tó di ọ̀pẹ mú. Ó tẹ nǹkan kan, omi fọ́n sójú gíláàsì. Ó yí òmíràn, àwọn ọwọ́ tó ń nu òjò bẹ̀rẹ̀ sí í jó, lọ́jọ́ ọyẹ́.

"Mò ń jí i ni," ó ṣàlàyé.

Àlájà yíjú sí i díẹ̀díẹ̀. "Kàmọ́rù, ọmọ mi. Ṣé o mọ ọkọ̀ wà?"

"Èmi tí mo dá rélùwéè dúró?" Láti fi hàn pé ohun tó wí dá a lójú, ó di irin kan tó wà láàárín wọn mú, ó tẹ orí rẹ̀, ó sì já a sílẹ̀ wàì.

Bíréèkì ọwọ́ ni.

Ọkọ̀ náà ronú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

"Bíréèkì!" Gbádébọ̀ ké.

Kàmọ́rù tẹ èyí tó wà lápá òsì. Kò sí nǹkan kan. Títì ti dà nù níwájú wọn, adágún ń dán nísàlẹ̀, ìkòkò ẹ̀kọ Bernadette sì wà láàárín adágún àti wọn. Kàmọ́rù tẹ èyí tó wà lápá ọ̀tún, ọkọ̀ náà bú ramúramù. Ó ju ọwọ́ méjèèjì sókè, ó di ojú, ó sì ń ké pe ìyá rẹ̀.

"Èwo ni, Àlájà? Èwo nínú wọn ni bíréèkì?"

Àlájà ká ìró sókè. Ó na ẹsẹ̀ òsì kọjá láàárín orúnkún Kàmọ́rù, ó wá ti àárín kàn, ó sì gbé gbogbo ara, àti ọdún mọ́kànlá, àti ìyá ọkọ Fàdílátù tó ń mi orí, lé e.

Ọkọ̀ náà dúró. Kò han, kò yọ̀, ó kàn dúró, imú rẹ̀ sì kù díẹ̀ kó kan ìkòkò. Èéfín ẹ̀kọ ń rọra bò ó lójú. Bernadette, pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, wò ó bí oníbàárà tó fẹ́ kánjú ra nǹkan.

Àlájà pa ẹ́ńjìnnì. Ó fa bíréèkì ọwọ́ sókè. Nígbà náà ló wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀rín tó jẹ́ pé wọ́n gbọ́ ọ ní èbúté.

"Ó ń di nǹkan mú! Ọ̀gá Gbádébọ̀, ó ń di nǹkan mú gan-an! Kàmọ́rù, o ò mọ bíréèkì yàtọ̀ sí fèrè, àmọ́ ọlọ́jà gidi ni ẹ́!"

Ilẹ̀kùn apá òsì ti ṣí sílẹ̀. Kò sí Kàmọ́rù níbẹ̀ mọ́. Ó ti gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò kọjá, ó ti ń sáré lọ sísàlẹ̀ òkè, bàtà kan lẹ́sẹ̀, Òjé àti ìlà náà lódindi lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ń ké pé kó wá bá wọn dá rélùwéè dúró. Kò bojú wẹ̀yìn. Ká tó wí, ó ti kọjá adágún, ó ti yà sí ọ̀nà òkun, eruku ọyẹ́ sì ti bò ó.

Àlájà bọ́ sílẹ̀, ó ṣa bàtà tó já sílẹ̀ níwájú Bernadette, ó jù ú sí ìjókòó ẹ̀yìn, ó sì bọ́ sí àyè awakọ̀.

"Ó dà bíi pé ọ̀nà Kpogan ló gbà," ó wí. "Ọ̀nà Kùtọnu náà nìyẹn. Bí mo bá lé e bá, mà á dúró fún un."